Ta Gan-an Ni Atẹ̀wé? Àlàyé fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Rẹ̀ Jáde Bí E-book

Ẹni tó bá ti kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ parí, tó wá ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbé e jáde fúnra rẹ̀ bí e-book, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kà lórí ẹ̀rọ, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lágbájá á ní kó sáré lọ gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, kí wọ́n má baà jí iṣẹ́ rẹ̀ gbé. Tàmẹ̀dù á ní Amazon, ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló máa bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíì á ní ilé iṣẹ́ kan wà tó ń gba owó gọbọi, tí yóò sì bá a ṣe gbogbo rẹ̀ pátápátá. Làkáṣègbè á ní owó ò sí nídìí e-book mọ́, kó yáa wá nǹkan mìíràn ṣe. Kò sí èyí tó tọ̀nà tán nínú wọn, ohun kan náà ló sì fà á: wọ́n ń da iṣẹ́ ẹni tó kọ ìwé, ti ẹni tó gbé e jáde àti ti ẹni tó ń tà á pọ̀ mọ́ra wọn.

Bí a ti mọ ọ̀rọ̀ ìwé sí tẹ́lẹ̀, òǹkọ̀wé á kọ ìwé, á gbé e lọ bá ilé iṣẹ́ atẹ̀wé. Bí wọ́n bá gbà á, àwọn ló máa wá olóòtú, àwọn ló máa wá ẹni tí yóò ya èèpo ẹ̀yìn ìwé, àwọn ló máa dá iye lé e, àwọn náà ló sì máa jẹ gbèsè bí ìwé ọ̀hún kò bá tà. Nítorí pé owó wọn ni wọ́n fi wewu, apá tó pọ̀ nínú èrè á di tiwọn, òǹkọ̀wé á sì máa gba díẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Olùtajà ní tirẹ̀ kò ṣe ju kó gbé ìwé sórí àtẹ lọ.

Bí ẹ bá wá ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé ìwé yín jáde, iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ ti bọ́ sí yín lọ́rùn nìyẹn. Ẹ̀yin ni òǹkọ̀wé, ẹ̀yin náà ni atẹ̀wé. Kindle Direct Publishing ti Amazon, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní KDP, kì í ṣe atẹ̀wé yín, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ lè mú kí ènìyàn rò bẹ́ẹ̀. Ọjà ni. Kobo Writing Life, Apple Books àti Google Play Books náà, ọjà ni wọ́n. Ẹrù jẹ́ tiyín, ìsọ̀ jẹ́ tiwọn, bí ẹrù bá sì tà, wọ́n á yọ tiwọn níbẹ̀. Wọn kì í gba owó kankan kí ẹ tó gbé e-book síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kà á láti mọ̀ bóyá ó dùn. Bí afurasí kan bá ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ní orí kẹta, tó wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé ní orí ogún, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ló máa tú àṣírí, kò kan KDP. Òǹkàwé ló máa kọ́kọ́ rí i, ojútáyé ló sì máa kọ ọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń jẹ́ kéèyàn tètè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1998 ni Writer Beware, àwọn tó ń ṣọ́ oníjìbìtì nídìí ìwé títẹ̀, ti ń kìlọ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé nípa àwọn tó ń pe ara wọn ní atẹ̀wé, àmọ́ tó jẹ́ pé àpò òǹkọ̀wé ni wọ́n ti ń jẹun, kì í ṣe àpò òǹkàwé. Wọ́n á gba owó ìtẹ̀wé, wọ́n á tún ní kí ẹ fọwọ́ sí àdéhùn tó sọ ẹ̀tọ́ orí ìwé náà di tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá gbé e sórí Amazon, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe láàárín ìrọ̀lẹ́ kan láìná nǹkan kan. Èyí kò ní kí ẹ má náwó o. Atẹ̀wé máa ń náwó. Ṣùgbọ́n olóòtú tí ẹ gbé iṣẹ́ fún á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á gba owó rẹ̀, á sì máa lọ. Ẹ̀tọ́ orí ìwé ṣì wà lọ́wọ́ yín, owó tí ìwé bá pa sì ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó, tó tún fẹ́ gba ẹ̀tọ́, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Ẹ̀tọ́ orí ìwé àti nọ́ńbà ìwé

Ìgbà tí ẹ kọ ìtàn náà sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ti di tiyín. Àdéhùn Berne, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1886, tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé sì ti wọ̀, sọ pé ẹ̀tọ́ yìí kò gbọdọ̀ dúró de ìforúkọsílẹ̀ kankan. ISBN ní tirẹ̀, nọ́ńbà ọjà ni. Díjíìtì 13 ni láti ọdún 2007, òun sì ni àwọn ilé ìtàwé àti ilé ìkàwé fi ń mọ ẹ̀dà kan yàtọ̀ sí òmíràn. Kò sọ ẹni tó ni ìwé, kò sì lè dá olè dúró. KDP kì í béèrè rẹ̀ fún e-book. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tiwọn tó ń jẹ́ ASIN. Draft2Digital, tó máa ń bá òǹkọ̀wé pín ìwé kiri ọ̀pọ̀ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, máa ń fúnni ní ISBN lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ ilé iṣẹ́ tiyín wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé, ẹ gba tiyín lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó o ní orílẹ̀-èdè yín. Ọ̀fẹ́ ni ní Kánádà. Wọ́n ń tà á ni ní Amẹ́ríkà. E-book á ní tirẹ̀, ìwé onípépà á ní tirẹ̀.

Ẹ̀rù kan tún wà tó máa ń ba àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ju àwọn yòókù lọ, pé kí ẹnì kan má lọ jí ọgbọ́n tí àwọn ta sínú ìtàn. Òfin kì í dáàbò bo ọgbọ́n lásán. Òkú nínú yàrá tí wọ́n tì látinú, ìbejì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà láyé, májèlé inú ife tí gbogbo ènìyàn jọ mu: kò sí ẹni tó dá ni ín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sọ ọ́, bí ẹ ṣe hun ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ àti àwọn ènìyàn tí ẹ dá sínú rẹ̀ ni òfin mọ̀ sí tiyín. Nítorí náà, ẹ lè fi ìwé han olóòtú láìfòyà.

E-book lè tú àṣírí kí ẹ tó tú u

Ibí yìí gan-an ló yẹ ká jókòó sí, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ e-book máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé ìfẹ́, ìwé oúnjẹ àti ìwé ìpànìyàn kò yàtọ̀ síra. Ìtàn tó jẹ́ pé orí ohun tí òǹkàwé kò tíì mọ̀ ló dúró lé ní ìṣòro tirẹ̀.

E-book kì í ṣe ìwé onípépà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. EPUB, irú fáìlì tó wọ́pọ̀ jù, jẹ́ àkójọ ojú ewé bíi ti íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dì sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe fẹ̀ tó àti bí òǹkàwé bá ṣe fẹ́ kí lẹ́tà tóbi tó. Kindle, ẹ̀rọ àti áàpù tí Amazon fi ń jẹ́ ká kàwé, náà ti fi fáìlì MOBI àtijọ́ sílẹ̀: láti ọdún 2021 ni KDP ti ní kí wọ́n máa gbé EPUB, fáìlì Word tàbí èyí tí ẹ fi Kindle Create, irinṣẹ́ tí Amazon fi ń to ìwé, ṣe wá fún irú ìwé báyìí. Ohun tó túmọ̀ sí fún yín ni pé ojú ìwé 214 lórí ẹ̀rọ yín lè jẹ́ 390 lórí fóònù ẹlòmíì. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yín bá ní kí òǹkàwé padà lọ wo ojú ìwé báyìí-báyìí, ó ti sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àtòjọ àkóónú. Bí ẹ bá fi Heading, ìlànà àkọlé inú Word, kọ àkọlé orí kọ̀ọ̀kan, wọn á kó ara wọn jọ sí àtòjọ kan tí ènìyàn lè tẹ̀ láti fò lọ sí orí tó bá wù ú. Ó rọrùn, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àtòjọ náà ń sọ: Orí 4, Òkú Inú Kànga. Orí 19, Irọ́ Dókítà. Orí 27, Ìyàwó Kejì Jẹ́wọ́. Òǹkàwé tó kàn ń wá ibi tó kà dé lálẹ́ àná ti já lé ìjẹ́wọ́ ìyàwó kejì, ìwádìí sì ti parí nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan kú. Ẹ jẹ́ kí orí máa jẹ́ nọ́ńbà lásán, tàbí ọjọ́ àti aago, tàbí àkọlé tó jẹ́ pé ẹni tó ti ka orí náà tán nìkan ló máa yé.

Nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, nọ́ńbà kékeré kan tún wà tó ń sọ ìdá tí òǹkàwé ti kà nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe ọmọdé. Bí ọlọ́pàá bá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹnì kan lọ́wọ́ ní ìdá 55, wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ẹ kò lè mú nọ́ńbà yẹn kúrò. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni ohun tí ẹ fi sẹ́yìn ìtàn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń so orí àkọ́kọ́ ìwé tó ń bọ̀ mọ́ ẹ̀yìn èyí tó wà nílẹ̀. Bí orí àfikún yẹn bá gùn, ìtàn á parí ní ìdá 88, òǹkàwé tó ti gbára dì pé ojú ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ wá yí á wá rí i pé òun ti dé òpin ọ̀nà lójijì. Irú wọn ló máa ń kọ̀wé pé ìparí ìtàn náà ṣàdédé já, bẹ́ẹ̀ ìparí kò ní àbùkù kankan. Ìlà mélòó kan nípa ìwé tó ń bọ̀ àti ibi tí wọ́n ti lè rí i ti tó.

Òǹkàwé tún lè wá ọ̀rọ̀ nínú e-book. Á tẹ orúkọ afurasí, á sì rí gbogbo ibi tó ti fara hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin àtijọ́ kan wà nídìí irú ìtàn yìí: olobó tó ran ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ti wà níwájú òǹkàwé náà kí àṣírí tó tú. Nígbà kan, ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń ṣí ìwé padà sẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní báyìí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yín bá ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹran ni wọ́n fi mọ apànìyàn, tí òǹkàwé sì tẹ "kọ́kọ́rọ́", tí kò rí nǹkan kan ṣáájú orí ìkẹyìn, ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, àti fún ìwé yìí àti fún èyí tó ń bọ̀. Ẹ ṣe ìdánwò yẹn fúnra yín kí ẹ tó gbé ìwé jáde. Ẹ wá gbogbo ohun tó máa padà di ẹ̀rí, kí ẹ rí i pé ó ti yọjú ṣáájú, níbi tí ojú òǹkàwé ti wà lára nǹkan mìíràn. Kindle tún ní ohun kan tó ń jẹ́ X-Ray, tó máa ń kó orúkọ àwọn ènìyàn inú ìwé jọ pẹ̀lú àlàyé ṣókí. Níbi tó bá wà, KDP máa ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé tún àlàyé náà kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "àbúrò olóògbé tí wọ́n rò pé ó ti kú" síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ náà ń kọ́? Nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni Kindle máa ń fún òǹkàwé lọ́fẹ̀ẹ́ láti tọ́ wò kó tó rà á. Bí ìwé yín bá jẹ́ 70,000 ọ̀rọ̀, 7,000 ni gbogbo ohun tí ẹ ní láti fi mú un. Ẹ wá ro ìwé kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyàsọ́tọ̀, ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ẹbí, ọ̀rọ̀ ìṣáájú, àti orúkọ ènìyàn méjìdínlógún inú ìtàn pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Kí wọ́n tó rí òkú, àyẹ̀wò ti tán. Ẹ kó gbogbo ìyẹn lọ sẹ́yìn. Mi ò ní kí òkú wà ní ìlà àkọ́kọ́ dandan, àmọ́ ìbéèrè tó máa dun òǹkàwé láti fi sílẹ̀ láìmọ ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ìdá mẹ́wàá yẹn tó pé.

Àwòrán ilé tí wọ́n ti pa ènìyàn, lẹ́tà tí olóògbé kọ sílẹ̀, ìwé ìròyìn tó ya: gbogbo wọn dùn ún wò nínú ìwé onípépà. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán kì í tóbi bí òǹkàwé bá mú lẹ́tà tóbi, ẹni tí ẹ̀rọ ń kàwé sí létí kò sì ní gbọ́ ọ rárá. Bí olobó bá wà nínú lẹ́tà náà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Àwòrán sì tún ń mú fáìlì wúwo, ìyẹn náà sì lówó tó ń ná yín, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Àwọn tó yẹ kó kà á ṣáájú

Iṣẹ́ olóòtú ju ẹyọ kan lọ. Ẹnì kan á wo ìtàn fúnra rẹ̀: ṣé ó dúró, ṣé ó wọlé. Ẹlòmíì á wo gbólóhùn àti gírámà. Ẹni ìkẹyìn á wá àṣìṣe lẹ́tà. Bí owó kò bá tó gbogbo wọn, lójú tèmi, èyí àkọ́kọ́ ni kí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ́kọ́ ní, torí òǹkàwé lè dárí jì yín fún lẹ́tà tó ṣubú, kò lè dárí jì yín fún ẹni tó wà ní ibi méjì ní aago kan náà. Kí ẹ tó gbé e fún un, ẹ ya tábìlì olópòó mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀, ìgbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ìgbà tí òǹkàwé mọ̀. Ibi tí òpó kejì bá ti ṣáájú ìkẹta jìnnà ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀.

Fún àwọn tó bá ń bá yín ka ìwé wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má béèrè pé ṣé ó dùn. Wọ́n á ní ó dùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fura sí sílẹ̀ ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdí kan ṣoṣo. Bí gbogbo wọn bá ti ń kọ orúkọ lọ́yà láti orí kẹfà, tó sì jẹ́ pé lọ́yà ni apànìyàn lóòótọ́, olobó yín ti pọ̀ jù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ orúkọ rẹ̀ rí títí dé òpin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò fi olobó sílẹ̀ rárá, ẹ kàn fi í pa mọ́ ni. Ohun tí ẹ fẹ́ ni pé kí ẹnì kan tàbí méjì fura sí i nígbà kan, kí wọ́n sì tún fi í sílẹ̀.

Iye owó, ìdá, àti àpótí kékeré kan

Lórí KDP, ìdá méjì ló wà tó lè kàn yín nínú owó ìwé: 70 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí 35. Kí ẹ tó lè gba 70 ní ọjà Amẹ́ríkà, iye ìwé gbọ́dọ̀ wà láàárín dọ́là 2.99 sí dọ́là 9.99. Ohun tó bá kéré tàbí tó ga ju ìyẹn lọ, 35 ni. Àwọn tó wà ní ìdá 70 tún máa ń san owó ìfiránṣẹ́, sẹ́ǹtì 15 lórí megabyte kọ̀ọ̀kan. Ibí ni àwòrán ti ń ná yín lówó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwé tí fáìlì rẹ̀ jẹ́ megabyte kan, tí ẹ ń tà ní dọ́là 3.99: wọ́n á yọ sẹ́ǹtì 15, á ku 3.84, ìdá 70 rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 2.69. Ìwé yẹn kan náà ní sẹ́ǹtì 99 á mú sẹ́ǹtì 35 wọlé. Ẹ máa ta bí ẹ̀dà mẹ́jọ kí ẹ tó rí owó ẹ̀dà kan ti tẹ́lẹ̀. John Locke, tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn, ló kọ́kọ́ ta e-book mílíọ̀nù kan lórí Kindle nínú àwọn tó ń gbé ìwé jáde fúnra wọn, lọ́dún 2011, sẹ́ǹtì 99 ló sì fi gbajúmọ̀. Mílíọ̀nù kan ni gbogbo ènìyàn gbọ́. Sẹ́ǹtì 35 kò dé etí wọn. Lókè náà, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ní dọ́là 9.99, dọ́là 6.89 ló máa kàn yín. Ẹ fi dọ́là kan péré kún un, kó di 10.99, owó yín á já wálẹ̀ sí 3.85. Àwọn ọjà yòókù kò rí báyìí. Kobo ń san 70 láti dọ́là 2.99 lọ sókè láìsí òpin, Apple sì ń san 70 lórí iye yòówù tí ẹ bá dá lé e.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé ìwé sórí KDP, wọ́n á fi àpótí kan hàn yín tí ẹ lè fi àmì sí: KDP Select. Ọ̀pọ̀ máa ń fi àmì sí i bí ẹni pé ara ìforúkọsílẹ̀ ni. Àdéhùn ni. Fún 90 ọjọ́, e-book yẹn kò gbọ́dọ̀ sí níbòmíràn, ì báà ṣe ọ̀fẹ́, ì báà ṣe lórí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tiyín. Wọ́n gbà kí ẹ fi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ síta fún àyẹ̀wò. Bí 90 ọjọ́ bá pé, á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá lọ yọ àmì náà. Ìwé onípépà kò sí nínú rẹ̀. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti tà á.

Ohun tí wọ́n fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀ ni Kindle Unlimited, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014. Àwọn òǹkàwé ń san owó oṣù, wọ́n sì ń ka ohun tó bá wù wọ́n. Láti oṣù Keje ọdún 2015, iye ojú ìwé tí wọ́n bá kà ni wọ́n fi ń san owó fún òǹkọ̀wé, láti inú àpò kan tí Amazon ń dá lóṣooṣù. Owó ojú ìwé kan máa ń yí padà, àmọ́ kì í sábà tó ìdajì sẹ́ǹtì. Bí ìwé yín bá jẹ́ ojú ìwé 300 nínú ìṣirò tiwọn, tí owó oṣù náà sì jẹ́ 0.4 sẹ́ǹtì, ẹni tó kà á tán fi dọ́là 1.20 sí yín lápò. Ẹni tó sú ní ojú ìwé 50 fi sẹ́ǹtì 20 sílẹ̀. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì kò mú nǹkan kan wá.

Èrò tèmi ni pé ètò yìí bá ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mu ju ọ̀pọ̀ irú ìwé lọ, torí pé ẹni tó bá ti dé àárín kì í lè sùn kó tó mọ ẹni tó ṣe é. Fún ìwé àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kọ ọ́, Select kò burú: òǹkàwé tó ti san owó oṣù kò ní nǹkan láti pàdánù tó bá gbìyànjú yín. Àmọ́ tí ọ̀wọ́ ìwé yín bá ti tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan náà, ìlú kan náà, ó ti yẹ kí ẹ ronú lórí gbogbo ọjà. Nígbà náà, ìwé àkọ́kọ́ lè di ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú títí láé, kí ó máa fa òǹkàwé lọ sí èkejì. Nínú Select, ọjọ́ márùn-ún péré nínú 90 ni wọ́n gbà yín láàyè láti fi ìwé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí òǹkàwé tó yẹ lè rí yín

KDP ń jẹ́ kí ẹ yan ẹ̀ka mẹ́ta, ó sì ní ibi méje tí ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé lè fi wá yín sí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn yan ẹ̀ka tó rò pé ó ní òǹkàwé jù. Ẹni tó ń ka èyí tí wọ́n ń pè ní cozy fẹ́ ìlú kékeré, ẹni lásán tó ń ṣe ìwádìí, àti ìpànìyàn tí a kò rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìtàn ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń gé ènìyàn wẹ́lẹwẹ̀lẹ síwájú rẹ̀, ìràwọ̀ kan ló máa fún yín, kò sì jẹ̀bi. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ irú ìtàn tó jẹ́ kí ènìyàn tó ka àkọlé. Ẹ dín in kù sórí fóònù yín títí yóò fi kéré bí àtàǹpàkò; bí ẹ kò bá lè ka orúkọ ìwé mọ́, ẹ dá a padà fún ayàwòrán. Ìwọ̀n tí KDP fẹ́ ni píksẹ́ẹ̀lì 2,560 ní gíga àti 1,600 ní fífẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó tó wà lábẹ́ ìwé kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí ìbéèrè ti jáde. Ẹni tó kú, ẹni tó ń wádìí, ohun tó máa bà jẹ́ bí kò bá rí i: ó tó. Òǹkọ̀wé tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ jù ló máa ń sọ títí dé orí ogún. Ní ti àwọn tó ń kọ èrò wọn sábẹ́ ìwé, Amazon kò gbà kí ẹ sanwó fún un, kò sì gbà kí ẹbí yín kọ ọ́. Ẹ lè fún ènìyàn ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ṣáájú. Ẹ kò lè ní kó sọ ohun rere.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n tún ń béèrè bóyá ẹ̀rọ AI ló kọ ọ̀rọ̀, tó ya àwòrán tàbí tó túmọ̀ ìwé yín. Èèpo ẹ̀yìn ìwé wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, tí ẹ kàn lo ẹ̀rọ láti wá àṣìṣe, wọn kò béèrè ìyẹn.

Owó tí ẹ bá pa kì í wọlé lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ tà ní oṣù Kìíní, ìparí oṣù Kẹta ló máa ń dé, torí nǹkan bí 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí oṣù bá parí ni KDP ń sanwó. Kí wọ́n tó san án, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ owó orí lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà á dáhùn ìbéèrè tó dá lórí fọ́ọ̀mù W-8BEN. Bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò bá ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, ìdá 30 nínú owó tó wá láti ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n máa yọ. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ iye tí ẹ dá lé ìwé.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí ìwé ti jáde, ẹ lè gbé fáìlì tuntun síbẹ̀ nígbàkigbà. Àwọn tó bá rà á lẹ́yìn náà ló máa rí àtúnṣe. Ti àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀ kì í yí padà fúnra rẹ̀. Fún lẹ́tà tó ṣubú, èyí kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé olobó láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ̀dà méjì tí kò bára mu ti wà níta nìyẹn, àwọn òǹkàwé á sì máa jiyàn lórí ohun tó wà ní orí kẹsàn-án. Ẹ kọ ọ́ sí iwájú ìwé pé ẹ̀dà kejì nìyí, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i.